Pósítà Òkú Bàbá Mi Lára Ògiri Ọjà Olúwo

Ajé, 11 Oṣù Kẹrin, 2005

Mákẹ́tà tó máa bá wa ta fíìmù ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ta ló máa ra fíìmù tí àwọn èèyàn inú ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀? Mo ní ti àwọn òyìnbó Jámánì tí mo ti fẹ́ mú ìtàn náà ni kò fọhùn, ayé ìgbà tí ohùn ò tíì wọ fíìmù ni wọ́n ṣe é. Tiwa máa sọ̀rọ̀ títí etí á fi kún. Ó ní ṣé wọ́n pààyàn níbẹ̀? Mo ní ibẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n gbé e dé kí ààwẹ̀ tó wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun ò ní gbà á mọ́.

Mo kọjá sí Lasunwon ní Ìkòròdú lọ sọ fún Bàbá. Inú wọn dùn débi pé wọ́n tún gbé kásẹ́ẹ̀tì fíìmù Jámánì náà jáde, a sì tún jókòó wò ó. Ilé ńlá kan wà létí omi. Ọkùnrin olówó kan jókòó sórí àga, ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá a níbẹ̀, ó ti kú. Ìyàwó ẹ̀, àbúrò ẹ̀, dókítà ẹ̀, ìránṣẹ́ ẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn ló lè ṣe é. Ọlọ́pàá onímústáàṣì kan ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ń la ojú bí ẹni rí ejò. Bó ṣe na ìka pé òun ti mọ̀ ọ́n báyìí, kásẹ́ẹ̀tì tán. Orí tẹlifíṣọ̀n ni Bàbá ti gbà á sílẹ̀ ní Hamburg, nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé sinimá níbẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì ò sì gbé e dópin.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ni mo ti ń bi wọ́n pé ta ló pa ọkùnrin yẹn. Wọ́n á ní àwọn ò rántí mọ́. Bàbá tó rántí iye bọ́tìnnì tó wà lára aṣọ ọlọ́pàá náà!

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹrin

A ti pín ipò tán, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ apànìyàn. Oríyọmí, tó máa ṣe ìyàwó, ní bó bá jẹ́ òun lòun pa ọkọ, òun ò ní rí ata rà ní Sábó mọ́. Kò purọ́. Fíìmù tó ti ń febi pa ọmọ orogún lọ́dún tó kọjá, ìyá ẹlẹ́ran kan kọ̀, kò tajà fún un, ó ní kó kọ́kọ́ lọ bọ́ ọmọ yẹn. Ẹni tó máa ṣe dókítà ní àwọn àna òun ò tíì fún òun níyàwó, kí n má ba tòun jẹ́. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ ká máa yà á lọ ná, apànìyàn á yọjú tó bá yá. Ṣàmsúdéènì oníkámẹ́rà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní fíìmù tí ẹni tó ń darí ẹ̀ ò mọ ẹni tó pààyàn, òun ò yà á rí.

Ipò òkú nìkan ni kò fa wàhálà. Bàbá ní àwọn làwọn máa ṣe é. Wọ́n lé ní àádọ́rin ọdún, ojú wọn ń dán bíi tọmọ tí wọ́n ní kó wá jó. Àgbà mìíràn á ní kí n lọ wá ẹni tí mo fẹ́ pa.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kẹrin

Mo lọ kí Màmá ní Ẹ̀pẹ́. Ẹja ti gbówó lórí, òjò ò sì jẹ́ kí igi gbẹ, èéfín ààrò ẹja ń ta wọ́n lójú, wọ́n ń bú igi, wọ́n ń bú òjò. Mo sọ fún wọn pé Ijede la ti ń ya fíìmù, létí ọ̀sà. Mi ò sọ ẹni tó ń ṣe òkú níbẹ̀. Nínú ilé yẹn, a kì í dárúkọ Bàbá.

Òfin Màmá ni. Nígbà tí àbúrò mi Ràsákì kú, wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá ní Jámánì, èsì tó padà wá ni pé wọn ò ráàyè. Màmá nìkan ló dúró létí sàárè ọmọ náà, mo di ìró wọn mú. Nígbà tí Bàbá padà wálé, Lasunwon nílé bàbá tó bí wọn ni wọ́n wọ̀ sí, wọ́n wá ń ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ láti ibẹ̀. Wọ́n rán àwọn àgbà. Wọ́n rán aṣọ. Wọ́n rán èmi. Màmá ní ẹni tó bá tún mẹ́nu kan ọkùnrin yẹn sí òun létí, kó má wọlé òun mọ́. Wọn ò kọ ara wọn sílẹ̀, wọn ò sì rí ara wọn sójú láti ìgbà náà. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, síbẹ̀ n kò tíì rí àwọn méjèèjì nínú yàrá kan.

Wọ́n fún mi lẹ́ja. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí àwọn òṣèré jẹ ẹ́ tán.

Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kẹrin

Òjò láti àárọ̀. Iṣẹ́ ò lọ. Mo ní kí n kúkú lọ sọ́dọ̀ Mojúbàolú atẹ̀wé, kó tẹ pósítà òkú tí a máa lẹ̀ mọ́ géètì nínú fíìmù. Alàgbà Adétúnjí ni mo sọ olóògbé. Bàbá, tí wọ́n bá mi lọ, ní rárá. Orúkọ tí wọ́n sọ àwọn làwọn máa fi kú. Mo ní Bàbá, ta ló ń fi orúkọ ara ẹ̀ sórí pósítà òkú? Bí àwọn òṣèré ẹgbẹ́ wa bá gbọ́, wọ́n á sá. Wọ́n ní, "Lateefat, ní kí ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. *Ìnnálílláhì. Alàgbà Sànní Adélàjà.* Fọ́tò Iléyá ni, fìlà funfun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí ó jáde lára ẹ̀rọ, orí mi wú. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó jìnnà, wọ́n wò ó súnmọ́, wọ́n ní ó dára.

Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Karùn-ún

A ya ikú lónìí. A gbé àga sí ojú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà, Bàbá jókòó, orí wọn tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oríyọmí wọlé, ó rí wọn, ó ké. Ẹkún tí ọmọbìnrin yẹn sun, mi ò mọ ibi tó ti rí i, àwọn apẹja tó ń kọjá létí omi dá ọkọ̀ dúró. Mo ní ó tó.

Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá ṣe òkú kì í kàn dìde fùú. A máa pe orúkọ ẹ̀, á dáhùn, a ó fún un lómi mu, a ó fún un lóyin lá, kí ikú má baà fi eré ṣe òótọ́. Mo pè wọ́n. Wọn ò dáhùn. Mo tún pè. Mo fọwọ́ kan èjìká wọn, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Oríyọmí ti sá jáde. Ṣàmsúdéènì ń pe Ọlọ́run. Mo wólẹ̀ síbi ẹsẹ̀ wọn, mo ń pè wọ́n ní Bàbá mi, Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́.

Wọ́n la ojú kan. Wọ́n ní, "Ta ló sunkún jù nínú yín?"

Ọlọ́run ló kó mi yọ. Mo fẹ́ẹ̀ lu bàbá tó bí mi lọ́mọ. Oyin náà, mo fà á pamọ́, mi ò fún wọn lá.

Àìkú, 8 Oṣù Karùn-ún

Bẹntiróòlù tún ti wọ́n sí i, jẹnẹrétọ̀ sì ń mu ún bí omi. Bàbá gba àwọn pósítà tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ Ṣàmsúdéènì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe ìrántí.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Karùn-ún

Bàbá ò wá síbi iṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó dé, wọ́n ní àwọn lọ kí ọ̀rẹ́ àwọn kan ní Ìtóìkín. Nǹkan funfun kan ti gan mọ́ apá aṣọ wọn. Wọ́n ní ẹ̀kọ ló dà sí àwọn lára. Àgbàlagbà tí kì í jẹ ẹ̀kọ.

Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Karùn-ún

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ eléyìí. Kí n ṣáà kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí mo ti wà ní Ijede, fóònù ò sì mú níbẹ̀. Òní ni mo ráàyè lọ kí Màmá. Mo ra búrẹ́dì, mo ra mílíìkì alágolo, mo ń kọrin lẹ́nu. Mo kọ́kọ́ yà sí Ọjà Olúwo, ìsọ̀ Màmá wà ní títì. Mo yíjú báyìí, mo rí Bàbá lára ògiri. Wọ́n dé fìlà funfun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé, ta ló jí pósítà wa gbé wá síbí? Kí n tó ronú síwájú, ìyá tó ń ta edé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá ti dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ó ní òun fúnra òun ò tíì bọ́ nínú ohun tí òun rí. Ọkùnrin kan ló wá lẹ̀ ẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, ó wọ jígí dúdú, ó fi fìlà bo iwájú orí. Nígbà tó lẹ̀ ẹ́ tán tó yíjú, òun wo pósítà, òun wo ọkùnrin náà, ẹnì kan ṣoṣo ni. Òkú ló ń lẹ pósítà ara ẹ̀. Àkúdàáyà ni. Ó ní ibẹ̀ lòun fi edé òun sílẹ̀ sí, òun sá lọ.

Nǹkan funfun tó gan mọ́ aṣọ. Mo jókòó sórí àpótí ẹja. Bàbá. Bàbá tèmi!

Nígbà tí mo délé, Màmá wà lórí ẹní, wọ́n wọ aṣọ dúdú, wọ́n ti tú irun wọn. Àwọn obìnrin yí wọn ká. Àlùfáà wà lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ náà ni bọ̀dá Jẹ̀lílì, àbúrò Màmá. Ojú Màmá wú. Wọ́n rí búrẹ́dì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n jókòó.

Wọ́n ní, "Mo ti sọ fún wọn kí wọ́n má bú ọ pé o ò wá sọ fún mi. Èmi ni mo ní kẹ́nikẹ́ni má dárúkọ wọn níbí. Òfin mi lo tẹ̀lé."

Háà. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju ọ̀bẹ lọ. Màmá rò pé ọkọ àwọn kú, pé èmi mọ̀, pé mo sì dákẹ́, wọ́n sì ti dáríjì mí lórí ìyẹn. Mo pariwo pé Bàbá ò kú, fíìmù ni, fíìmù la fi wọ́n ṣe. Ẹ ò rí i bí àwọn obìnrin yẹn ṣe dìde? Wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ti yí mi lórí. Méjì dì mí lápá, ọ̀kan da omi sí mi lórí, àlùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà sí mi lára. Bí mo bá ṣe ń ṣàlàyé tó ni wọ́n ń dì mí mú tó.

Bọ̀dá Jẹ̀lílì ló gbà mí. Mo ní kí wọ́n pe nọ́ńbà Bàbá. Ó dún, ó dún, Bàbá gbé e. Mo fi fóònù náà sí Màmá létí. Gbogbo wa la gbọ́ ohùn wọn pé, "Ta nìyẹn? Lateefat?"

Màmá da fóònù padà fún àbúrò wọn, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Nínú ilé yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́ tàbí kí òun kí wa kú àdánù. Mo gbé búrẹ́dì sílẹ̀, mo jáde.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Karùn-ún

Mi ò kúnlẹ̀ kí wọn. Mo wọlé sí Lasunwon, mo dúró síwájú Bàbá, mo ń wò wọ́n. Mo rò pé wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ó sunkún?"

Ẹ̀rù bà mí. Òótọ́ ni mo kọ yìí, ẹ̀rù bàbá mi bà mí. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ bi mí ní ohun tó kan Màmá láti ọjọ́ yìí wá, ìyẹn náà ni pé ṣé wọ́n sunkún? Mo ní wọ́n sunkún. Ojú wọn wú. Wọ́n tú irun. Bàbá fi ọwọ́ bojú, èjìká wọn ń mì, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá sọ òpin fíìmù náà fún mi. Wọ́n ti rí i tán ní Hamburg, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ọlọ́pàá yẹn na ìka, ó nà án sí òkú. Ẹnikẹ́ni ò pa ọkùnrin olówó náà. Kò kú rárá. Ó fẹ́ mọ ẹni tó máa sunkún òun ni. Ó dìde lórí àga, ìyàwó ẹ̀ sáré dì mọ́ ọn, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, ó parí. Wọ́n ní àwọn máa ń jókòó sínú òkùnkùn ilé sinimá yẹn, àwọn á máa rò pé bó bá ṣe àwọn ni, ta ló máa dìde.

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára Màmá. Tí wọ́n bá ti ṣubú síbẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa jẹ́ apànìyàn nígbà yẹn?"

Ó ku díẹ̀ kí n bú wọn, mo jáde. Mi ò tíì rí ohun tó yà mí lẹ́nu tó báyìí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Jímọ̀, 20 Oṣù Karùn-ún

Mo padà sí Ẹ̀pẹ́. Màmá ò tíì bọ́ aṣọ dúdú. Àlùfáà ti wá, ó ní kò sí opó lórí ẹni tí ọkọ ẹ̀ wà láàyè, kí wọ́n jáde, kí wọ́n lọ tajà. Wọ́n ní kó máa lọ, àwọn gbọ́.

Mo ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣe báyìí?

Wọ́n ní, "Opó ọkọ mi ni mò ń ṣe. Òkú ni mo dáríjì, Lateefat. Alààyè ò tíì bẹ̀ mí."

Mo ní kí n lọ ya pósítà yẹn kúrò lọ́jà nígbà náà, ojú ń tì mí. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bọ̀dá Jẹ̀lílì ti gbé ọ̀bẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀, Màmá ní kí wọ́n lé e padà. Wọ́n ní títí opó á fi tán ló máa fi wà níbẹ̀, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, bí Ọlọ́run ṣe là á sílẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹfà

Bàbá di aṣọ àrán sínú ọ̀rá, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún Màmá kí n bá àwọn bẹ̀ wọ́n. Èmi òmùgọ̀, mo gbé e lọ.

Màmá ò tilẹ̀ tú u wò. Wọ́n ní, "Ó rán àwọn àgbà sí mi. Ó rán aṣọ. Ó rán ìwọ ọmọ mi. Nígbà tó yá, ó rán ikú. Òun fúnra ẹ̀ ńkọ́?"

Láyé mi, mi ò gbọ́ kí Màmá pe Bàbá ní "ó" rí. Àní nígbà tí inú bí wọn jù, "wọ́n" ni. Mo gbé aṣọ náà padà sí Lasunwon, mo sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún Bàbá gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde, mi ò fi iyọ̀ sí i. Wọn ò jẹun alẹ́.

Jímọ̀, 24 Oṣù Kẹfà

Bàbá wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀. Wọ́n dé Ìtóìkín, wọ́n sọ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ mìíràn padà sílé. Wọ́n ní inú ń run àwọn.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kẹfà

Ìtóìkín náà ni wọ́n tún dé.

Àìkú, 10 Oṣù Keje

Wọ́n dé Ẹ̀pẹ́! Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn kí wọ́n má baà sọ̀ lọ́nà. Àwọn ọmọdé rí wọn lẹ́nu ọ̀nà ọjà, wọ́n túká. Ìyá elédé pariwo, ó kó sábẹ́ tábìlì, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i fà jáde. Bàbá kí i, ó dáhùn látabẹ́ tábìlì.

A délé, Màmá ní kí bọ̀dá Jẹ̀lílì sọ fún àlejò náà pé obìnrin tó ń ṣe opó kì í rí ọkùnrin àjèjì. Kò sí ẹ̀rín lójú bọ̀dá Jẹ̀lílì nígbà tó ń jíṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ètè ẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Kò sẹ́ni tó fún wọn lómi. Mo fẹ́ bu omi fún wọn, Màmá wò mí látojú fèrèsé, mo gbé ife sílẹ̀.

Jímọ̀, 29 Oṣù Keje

Mákẹ́tà pè. Ó ní fíìmù dà? Mo ní ó ku òpin. Ó ní kí n fi apànìyàn kan síbẹ̀ kí n gbé e wá, ta ló bìkítà. Oríyọmí náà ń bi mí léraléra pé ta ló pa á. Mo sọ fún un pé ẹnikẹ́ni ò pa á, inú ẹ̀ dùn, ó ní òun lè máa ra ata lọ. Èmi ò lè ya ibi tí òkú ti dìde tí ìyàwó ti sáré dì mọ́ ọn. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Tí Oríyọmí bá ti ń sáré bọ̀, ọkàn mi á sọ pé irọ́ ni.

Jímọ̀, 12 Oṣù Kẹjọ

Bàbá ti lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mi ò tẹ̀ lé wọn mọ́. Jímọ̀ Jímọ̀ ni báyìí. Bọ̀dá Jẹ̀lílì ní Màmá ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì náà bọ́ sábẹ́ ibòòji, oòrùn ò dáa fún àgbàlagbà.

Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Opó tán lónìí.

Ṣàmsúdéènì ló fi ọkọ̀ ẹ̀ gbé èmi àti Bàbá. Nígbà tí a kọjá Ìtóìkín, Bàbá mí kanlẹ̀.

Wọ́n ti wẹ̀ fún Màmá nígbà tí a débẹ̀. Màmá jáde síwájú ilé, wọ́n wọ àdìrẹ tuntun, wọ́n ti di irun wọn. Èèyàn pọ̀. Gbogbo Olúwo ló fẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, mo rò pé wọ́n fẹ́ mọ ohun tí àkúdàáyà máa ṣe. Bàbá dìde lórí bẹ́ǹṣì. Mo rò pé wọ́n máa gbé àlàyé fíìmù kalẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, orúnkún wọn ń dún. Àwọn obìnrin ké pé èèwọ̀, ọkọ kì í kúnlẹ̀ fún aya. Bọ̀dá Jẹ̀lílì sáré láti gbé wọn, Màmá na ọwọ́ sí i pé kó fi wọ́n sílẹ̀.

Bàbá ní, "Sìlífátù, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé Ràsákì kú. Mo ní mi ò ráàyè. Mo ráàyè. Ẹ̀rù ojú ẹ ló bà mí, mi ò wá. Dáríjì mí."

Èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún yìí wá, mo ti ń fọkàn gbè wọ́n lẹ́yìn pé iṣẹ́ òyìnbó le, ọ̀gá wọn ò jẹ́ kí wọ́n wá. Wọ́n ráàyè. Ọmọ wọn kú, wọ́n ráàyè, wọn ò wá. Mo di ògiri mú. Mi ò mọ̀ bóyá kí n lọ gbé wọn dìde tàbí kí n tutọ́ sílẹ̀.

Ṣàmsúdéènì ti gbé kámẹ́rà sójú. Mo ní kó sọ ọ́ kalẹ̀.

Màmá ò sunkún. Mo rò pé wọ́n máa padà wọlé. Wọ́n ní, "Bàbá Lateefat, ẹ dìde. Pósítà yẹn ṣì wà lára ògiri ọjà. Ẹ lọ ya á fúnra yín."

Bàbá bu omi sínú abọ́, wọ́n gbé e lọ fúnra wọn, omi ń dà sí wọn lẹ́sẹ̀, gbogbo wa ń tẹ̀ lé wọn. Sítáàṣì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ti pọ̀ jù, òjò oṣù mẹ́rin ò rí i ṣe. Wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n fi èékánná ha ojú ara wọn, ó ń já wẹ́wẹ́. Imú lọ. Ẹ̀rín yẹn lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n rò pé ó ti tán, wọ́n gbé abọ́ nílẹ̀, wọ́n fẹ́ máa lọ.

Mi ò mọ̀ pé Màmá ti wà lẹ́yìn wa.

Wọ́n ní, "Ó ku ibi fìlà."

Bàbá yí padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ha ibi fìlà.